Ẹ̀kuru ní Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ìyá wa, èló lẹ lè san lórí ẹ̀kuru? Ní Ìgèdè-Èkìtì níhìn-ín, ojú aláìríṣẹ́ṣe làwọn mìíràn fi ń wo ẹni tó ń tà á.

Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi ní Lọ́ńdọ̀nù, ó mú mi lọ sí Chishuru, ilé oúnjẹ Adéjọkẹ́ Bákàrè. Kàdúná ni obìnrin yìí ti dàgbà. Kò kọ́ oúnjẹ sísè ní ilé-ìwé kankan. Ní 2020 ó ṣí ilé oúnjẹ náà ní Brixton, kí ó tó kó lọ sí àárín ìlú ní 2023. Ní 2024, àwọn Michelin tí ń díwọ̀n ilé oúnjẹ fún un ní ìràwọ̀ kan. Òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á ní Bírítéènì.

Èdè Haúsá ni orúkọ ibẹ̀: ìdákẹ́jẹ́ tí ń bá àwọn ènìyàn nígbà tí oúnjẹ bá dé iwájú wọn. Èmi náà dákẹ́. Ẹja ni mo ní kí wọ́n fún mi, nítorí ọ̀rọ̀ ẹran. Ọtí wà níwájú àwọn ẹlòmíràn, omi ni tèmi. Ẹ̀kuru náà kéré lójú Èkìtì tó mọ iyán, ṣùgbọ́n ata rẹ̀ ta! Ọmọ mi kò jẹ́ kí n rí ìwé owó.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń bẹ baba wọn láti èṣín pé iṣẹ́ oúnjẹ lòun fẹ́ kọ́, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Mo ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún baba. Ó ní òun yóò rò ó wò. Ẹ bá wa fi àdúà sí i.