Ṣé O Ti Ṣetán?

Bí ẹ bá ní ọ̀dọ́langba nílé tí kì í fẹ́ dìde nídìí kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Olùkọ́ ni mí, ìmọ̀ Ìsìláàmù ni mo sì kọ́ jáde ní yunifásítì. N kò rò ó rí pé eré orí íntánẹ́ẹ̀tì lè sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́.

World of Warcraft ni orúkọ eré tí ọmọ mi ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ Blizzard ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní ọdún 2004. Ẹ̀dà ti àtijọ́, tí wọ́n tún ṣí ní ọdún 2019, ni ọmọ náà yàn láàyò. Ènìyàn 40, tí kálukú wọn jókòó sí ilé tirẹ̀ ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lè kó ara wọn jọ lọ jagun nínú ihò oníná kan tí à ń pè ní Molten Core. Àwọn kan a dúró níwájú gba idà, àwọn kan a máa wo ọgbẹ́ sàn, àwọn yòókù a máa ṣá ọ̀tá. Wọn a ti tún ìhámọ́ra ṣe, wọn a ti jẹ oúnjẹ tí ń fún ni lágbára, wọn a ti kó oògùn sápò. Nígbà náà ni ìbéèrè kan ṣoṣo yóò yọ láti ọ̀dọ̀ olórí sójú kọ̀ǹpútà gbogbo wọn: ṣé o ti ṣetán? Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, àmì àwọ̀ ewé yóò hàn sí orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ní rárá, àmì pupa. Ẹni tí kò dáhùn, wọ́n mọ̀ pé ó ti dìde lọ.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2005, àwòrán kan tàn kálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú èyí tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Leeroy Jenkins sáré wọ inú ogun nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń gbìmọ̀ lọ́wọ́. Gbogbo wọn ló kú. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe, àwọn tó ṣe é sì jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tó yá. Tiwa kì í ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, mo dúró lẹ́yìn ọmọ mi, mò ń retí ìpè ìrun Màgáríbì. Ó wà lára àwọn olùwòsàn. Ìbéèrè yọ. Ó bojú wo fèrèsé, ó rí i pé ilẹ̀ ń ṣú, ó sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kò pẹ́ tí ladáànì fi pe ìrun. Mo ní, “Dìde.” Ó dìde láìjiyàn. Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ yìn ín lójú ọ̀nà mọ́ṣáláṣí.

Nígbà tí a dé, òkú ló bá nílẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi sí ìtọ́jú rẹ̀ níwájú ló kọ́kọ́ ṣubú, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Olórí wọn, tí a kò mọ̀ lójú, kọ gbólóhùn kan péré sílẹ̀ fún un: kí ló dé tí o kò sọ pé o kò tíì ṣetán?

“Bàbá mi, ẹ̀yin lẹ pè mí.”

Mo la ẹnu, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ṣáà rí i nígbà tó wo fèrèsé. Èmi náà kọ́, tí mo máa ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn láti balùwẹ̀ pé mo ti ṣetán, nígbà tí ọṣẹ ṣì wà ní irùngbọ̀n mi!

N kò ka eré náà léèwọ̀. Mo sọ fún un pé ìrun tó lọ kí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni tó tẹ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n, ìyìn tí mo fún un lójú ọ̀nà kò sì tọ́ sí i lódindi. Ó tọrọ àforíjì, ó sì kọ àkókò ìrun ránṣẹ́ sí olórí wọn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìbéèrè tún yọ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ó tẹ rárá. Àmì pupa kan ṣoṣo láàárín àwọ̀ ewé 39. Àwọn kan kùn, ṣùgbọ́n olórí ní kí gbogbo wọn lọ mu omi. A kírun, a padà, ìbéèrè náà sì tún yọ. Ọmọ mi yíjú wò mí kó tó tẹ̀ ẹ́.