Àpótí Ìyá Mi

Àpótí onígi kan wà ní yàrá mi tí olè kankan kò ní fẹ́ gbé. Ìyá mi ni ó ni ín. Nígbà tí ó kú ní ọdún 2009, èmi ni àwọn ẹ̀gbọ́n mi gbé e fún, pẹ̀lú aṣọ òfì mẹ́ta tí ó wà nínú rẹ̀. Ó tó ọdún kan kí n tó lè ṣí i. Ní ọjọ́ tí mo ṣí i, òórùn òrí, ọṣẹ dúdú àti káńfọ̀ kọlù mí nímú, omi sì ti ń dà lójú mi kí n tó ráyè ronú kan ìyá mi. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri tí mo ń wò lójoojúmọ́, n kò sì sunkún. Èéṣe tí òórùn fi ṣe ohun tí àwòrán kò lè ṣe?

Mo wádìí nínú ìwé àwọn onímọ̀. Wọ́n ní àwọn fọ́nrán tín-ín-rín kan wà lókè ihò imú, tí wọ́n ń gba inú egungun tí ó lu jára bí ajere kọjá sínú agbárí. Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ ní láti kọ́kọ́ dúró ní ibùdó kan láàrin ọpọlọ, bí àlejò tí ń dúró de onílé lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n tó dé èèpo ọpọlọ. Òórùn kì í dúró bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀nà tààrà sí apá tí ó jẹ́ àgbà nínú èèpo náà. Èèpo tuntun, èyí tí a fi ń ronú tí a sì fi ń sọ̀rọ̀, ní ìpele mẹ́fà. Ti àtijọ́ yìí ní mẹ́ta péré. Irú rẹ̀ wà nínú orí àwọn ẹran afàyàfà pẹ̀lú. Nítòsí rẹ̀ ni ibi tí ẹ̀rù ti ń sọ jí wà, kò sì jìnnà sí ibi tí ọpọlọ ti ń tọ́jú ìrántí. Abájọ tí ẹkún mi fi ṣáájú èrò mi.

Ní ọdún 2020, àrùn kòrónà mú mi. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n imú mi kú. Ọbẹ̀ jóná níwájú mi, n kò mọ̀. Ọmọ mi ni ó ké láti ìta. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo ṣí àpótí, mo ki orí bọ̀ ọ́. N kò gbóòórùn ohunkóhun. Ó dà bí ẹni pé ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kejì.

Dókítà tù mí nínú pé fọ́nrán imú a máa hù padà bí koríko tí a gé. Ó ní kí n máa gbé èèpo ọsàn, kànáfùrù àti ẹ̀fínrín sí imú ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ní oṣù kẹrin, ẹ̀fínrín kọ́kọ́ dé. Nígbà tí ó yá, mo tún ṣí àpótí. Òrí nìkan ni mo gbọ́, ṣùgbọ́n ó tó mi.

Nísinsìnyí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo ń ṣí i. Ẹ̀rún wẹ́wẹ́ tí ń fò kúrò lára nǹkan ni òórùn. Bí mo ṣe ń ṣí i ni ó ń dínkù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, a máa ń dúpẹ́ fún ojú àti etí. Ẹ má gbàgbé imú.