Àwọn Tí Ń Tọ́jú Oníkẹ̀kẹ́ ní Òkè Mpape

Bí ìrìn-àjò bá gbé yín dé Abuja ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ ọ́fíìsì ìjọba nìkan ni ẹ óò rí. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ní ọjọ́ Sátidé, ẹ gba ọ̀nà òkè Mpape tí ó ga ju àdúgbò Maitama lọ. Ẹ óò rí àpáta tí ó yọrí láàárín ilé, ilẹ̀ pupa, àti òkúta wẹ́wẹ́ tí ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Lórí irú ilẹ̀ báyìí ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń gun kẹ̀kẹ́ orí òkè, èyí tí táyà rẹ̀ fẹ̀.

California ní Amẹ́ríkà ni eré yìí ti gbèrú lẹ́yìn ọdún 1970, ó sì wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Atlanta ní ọdún 1996. Ṣùgbọ́n Abuja kì í ṣe àjèjì sí eré kẹ̀kẹ́. Pápá ìṣeré ńlá tí a lò fún Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ní oṣù kẹwàá ọdún 2003, tí a sọ ní orúkọ Moshood Abiola ní ọdún 2019, ní gbàgede tirẹ̀ fún un.

Kì í ṣe eré ni mo lọ wò. Àwọn tí ó dúró sí etí ọ̀nà ni mo wá, àwọn oníṣẹ́ físíò, tí ń tọ́jú iṣan àti oríkèé láìlo ọ̀bẹ. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ara ni wọ́n kàn ń wọ́ fún ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí láti ọdún 1966.

Kí kẹ̀kẹ́ tó gbéra ni iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ìjókòó tí ó rẹlẹ̀ jù a máa ni iwájú orúnkún lára, èyí tí ó ga jù a máa fa ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbára lé ọwọ́ jù, ọmọ-ìka rẹ̀ àti èyí tí ó tẹ̀ lé e lè kú, nítorí ó ń tẹ iṣan ìmọ̀lára kan ní àtẹ́lẹwọ́.

Ní ọjọ́ náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó fi èjìká balẹ̀. Kí n tó mí kanlẹ̀, bàbá kan tí ń kọjá lọ ti di apá rẹ̀ mú, ó ní òun yóò fà á padà sípò.

“Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ má fà á,” ni obìnrin oníṣẹ́ físíò kan wí, ó sì kúnlẹ̀. N kò mọ̀ bóyá bàbá náà ni ó kúnlẹ̀ fún ni, tàbí ẹni tí ó wà nílẹ̀. Ó bi ọmọ náà bóyá ó mọ ibi tí ó wà, ó yẹ ọrùn rẹ̀ wò, ó ní kí ó mi ìka rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fọwọ́ kan egungun tí ó so àyà mọ́ èjìká. Ó ti wú. Ó fi ìborùn so apá náà mọ́ àyà, ó sì ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn fún àwòrán egungun. Ó wá ṣàlàyé fún bàbá náà pé iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá gba abẹ́ egungun yẹn kọjá, àti pé bí ó bá ti dá, fífà lè mú kí ó gún un.

Bàbá náà dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Àbúrò mi ṣubú lórí ọ̀kadà ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwa ará ilé ni a sì fà á lọ́wọ́. Títí di òní, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kò tọ́, kò sì lè fi ọwọ́ náà gbára lélẹ̀ bí ó bá ń foríkanlẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ti gbé ọmọ náà lọ, bàbá náà gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó sì ń tì í sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà Maitama.