Sìmẹ́ńtì Tó Fẹ́ Wó Ilé Bàbá Àgbà

Sìmẹ́ńtì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé bàbá bàbá mi. Ó ṣòro fún ẹni tó ń kọ́lé lóde òní láti gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi kan ògiri náà, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná.

Ilé ilẹ̀ ni, ní Ìbàdàn, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó, òun ló mú kí páànù àti sìmẹ́ńtì rọrùn láti kó wọ̀lú. Síbẹ̀, sìmẹ́ńtì ṣì wọ́n nígbà tí bàbá àgbà ń kọ́lé ní nǹkan bí ọdún 1925. Ìwọ̀nba tí wọ́n rí rà kò kọjá ilẹ̀ pálọ̀ àti òdòdó tí wọ́n mọ sí orí fèrèsé. Ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé sí Èkó ni irú ọnà bẹ́ẹ̀ ti tàn kálẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín rẹ̀ já, tí yàrá wà lọ́tùn-ún lósì. Láti ẹnu ọ̀nà iwájú, èèyàn ń rí ẹ̀yìnkùlé gbọọrọ, atẹ́gùn a sì fẹ́ já a. Ìrókò ni wọ́n fi kan fèrèsé, ikán kò rí i jẹ títí dòní.

Owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, dé ní 1975. Gbogbo ayé ń kọ́lé, ọkọ̀ òkun tó ru sìmẹ́ńtì sì há sí èbúté Èkó, wọn ò ráyè já ẹrù. Àwọn bàbá wa fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé náà tinú tòde. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, n ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú wọn. Wọ́n gé etí òrùlé kí iwájú ilé lè gún, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù dí fàráńdà, wọ́n sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù.

Ògiri amọ̀ a máa fa omi láti ilẹ̀, a sì máa gba ojú ara rẹ̀ gbẹ. Sìmẹ́ńtì dí ojú náà. Ó tún le ju amọ̀ lọ, kì í pẹ́ tó fi ń sán. Òjò á gba ibi tó sán wọlé, kò ní rọ́nà jáde. Lóde, ó ń dán. Nínú, ẹrẹ̀ ni. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù keje, ògiri ilé ìdáná wó. A dúpẹ́, kò sẹ́ni níbẹ̀.

Gbogbo bíríkìlà tí mo pè ló ní ká wó gbogbo rẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó ti mọ ògiri amọ̀ nígbà èwe wọn ló ní: “Ẹ ha sìmẹ́ńtì náà kúrò, kí ẹ jẹ́ kó fi ọ̀gbẹlẹ̀ gbẹ.” Ìjà ilé ló wá le jù. Àǹtí bàbá mi bi mí pé, “Ṣé kí wọ́n lè ní a ò lówó rẹ́ ilé ni?” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí mo mọ ohun tí rírẹ́ ilé náà jẹ́ fún wọn.

A ha á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. A jọ ilẹ̀pa, a pò ó mọ́ yanrìn àti ìgbẹ́ màlúù, a fi rẹ́ ẹ. A na páànù síta padà, kí omi òjò má bàa ta sí ògiri mọ́. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn òjò, a ní láti tún ibi tó bá hó rẹ́, owó rẹ̀ sì ń jáde lápò mi. Ṣọ́ọ̀bù iwájú ṣì wà níbẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi ń tajà níbẹ̀, a kò sì tíì rí ibòmíràn fún un.