Ike Eyín, Èjí àti Ìró S

Lójú Yorùbá, èjí kì í ṣe àbùkù, ẹwà ni. Láyé àtijọ́, àwọn tí Ọlọ́run kò dá a mọ́ tilẹ̀ máa ń lọ pa á kí wọ́n lè ní in. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi di wàhálà nílé wa ní Ìkẹ́nnẹ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àwọn fẹ́ lọ to eyín àwọn. Kì í ṣe èjí ló ń dà wọ́n láàmú. Eyín kan lókè ló wọ́ sẹ́yìn àwọn yòókù, tí ẹran máa ń há síbẹ̀. Màmá wa kò jiyàn púpọ̀. Wọ́n kàn ní, "Ṣe é bó o ṣe fẹ́, àmọ́ èjí ìyá mi ló wà lẹ́nu ẹ yẹn. Kò gbọdọ̀ dí o."

Dókítà eyín tó gbà wọ́n l'Ékòó kò lo wáyà. Ike tó mọ́ gaara ni, tí èèyàn lè yọ, kó sì tún fi bọ eyín. Èrò yìí kì í ṣe tuntun: ní 1945, dókítà Kesling ní Amẹ́ríkà ti fi rọ́bà ṣe ohun tó jọ ọ́. Ní 1997 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Align Technology sílẹ̀, tí kọ̀ǹpútà fi wọ ọ̀rọ̀ náà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ike kọ̀ọ̀kan kì í bá eyín mu tán. Ìyàtọ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sí i, nǹkan bíi ìdá mẹ́rin mìlímítà kan. Tí ike bá wọlé, á tẹ̀. Bó ṣe ń gbìyànjú láti padà sípò ló ń ti eyín. Bí ike bá nípọn, agbára rẹ̀ á pọ̀. Bí wọ́n bá gé etí rẹ̀ kó kọjá sórí ìdí eyín, á di eyín mú ju èyí tí wọ́n gé tẹ̀lé ìlà ìdí eyín lọ. Tó bá jẹ́ orí eyín nìkan ló ń tì, eyín á kàn dagun ni. Kí gbòǹgbò tó lè bá a lọ, dókítà á lẹ kókó kékeré mọ́ eyín kí ike lè rí ibi dì mú.

Agbára púpọ̀ kọ́ ló sì ń mú un yá. Tó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní ráyè kọjá nínú ẹran tín-ín-rín tó so gbòǹgbò mọ́ egungun, eyín á sì dúró gbagidi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í le koko.

Ibí ni ọ̀rọ̀ màmá wa ti wọlé. Ike tó ń ti eyín kan gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn ti àwọn yòókù, àwọn náà á sì gba ìpín tiwọn nínú ipá náà. Ààyè tó rọrùn jù láti lò sì ni èjí. Dókítà ní kí kọ̀ǹpútà fi eyín méjèèjì tó ni èjí sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà, wọ́n pín ipá náà sára àwọn eyín ẹ̀yìn, wọ́n sì ha ẹ̀gbẹ́ eyín mélòó kan díẹ̀ kí ààyè lè wà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni ọ̀rọ̀ sísọ. Olùkọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ṣágámù. Àwọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní a, b, d. Láti pe s, ahọ́n máa ń ṣe ihò tóóró tí èémí ń gbà lọ kọlu eyín. Ike sọ ibẹ̀ di nípọn. "Sí" bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí "ṣí", àwọn ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín. Àwa mọ àwọn Ìbàdàn tó ń sọ ṣ di s. Ti ẹ̀gbọ́n mi wá dorí kodò. Wọ́n ní àwọn á máa yọ ọ́ ní kíláàsì. Ṣùgbọ́n wákàtí ogún sí méjìlélógún lójúmọ́ ni ike ń fẹ́, ìkọ́kọrẹ́ àti obì sì ti ń gba tiwọn nínú èyí tó kù.

Wọ́n bi mí pé, "Ìwọ tó ò ń kọ́ nípa èdè, kí ni ká ṣe?" Mo ní kí wọ́n máa kàwé sókè lálaalẹ́ pẹ̀lú ike lẹ́nu. Mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo sì fi Praat wò ó. Ariwo s máa ń ga ju ti ṣ lọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú ara wọn. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n ti pínyà. Ahọ́n ti rí ọ̀nà mìíràn gbà.

Ike kẹsàn-án ló wà lẹ́nu wọn báyìí. Èjí ṣì wà níbẹ̀. Màmá wa ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tí ẹ ṣì ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá, s àti ṣ lẹ́nu àwọn tó ń to eyín nílẹ̀ Rẹ́mọ ń dúró dè yín. Fóònù kan àti sùúrù ti tó láti bẹ̀rẹ̀.