Lẹ́ńsì Tó Gba Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Wa ní Mọdákẹ́kẹ́

Ọdún mẹ́fà ni kámẹ́rà mi fi sùn nínú àpótí. Nígbà tí mo gbé e jáde, agbo-ilé ìyá ìyá mi ní Mọdákẹ́kẹ́ ni mo kọrí sí, lẹ́bàá ọ̀nà Oǹdó, níbi tí òrùlé páànù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn. Kò sí àwòrán kan ṣoṣo tó kù nínú ti ìgbà èwe Ìyá Àgbà. Gbogbo rẹ̀ ló jóná nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1997.

Nikon D3100 tó jáde lọ́dún 2010 ni kámẹ́rà náà. Lẹ́ńsì 50mm àlòkù ni mo rà sí i, torí pé owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á. Kámẹ́rà yìí kò ní mọ́tò tó lè yí lẹ́ńsì àtijọ́ bẹ́ẹ̀; ọwọ́ ni mo fi ń yí i kí ojú wọn tó hàn kedere. Ìyẹn ṣì kéré. Sensor rẹ̀ kò tóbi, nítorí náà 50mm ń ṣe bíi 75mm, bẹ́ẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa tóóró. Mo fẹ̀yìn rìn títí mo fi kan ògiri. Orí àti èjìká nìkan ni mo rí. Ìkòkò àmù, àga, ilẹ̀kùn tí Bàbá Àgbà kàn lẹ́yìn ìjà, kò sí ọ̀kankan níbẹ̀.

"Ọkọ mi, o ò tíì yà á tán ni?"

(Ẹ̀yin tí ẹ ń padà sídìí fọ́tò, ẹ kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín kí ẹ tó náwó.)

Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí 35mm tó ní mọ́tò tirẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì ń là dé f/1.8. Ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà nìkan tó o. Odindi Ìyá Àgbà wọlé, tàga tàmù. Wọ́n ní ẹ̀dà méjì ni kí n tẹ̀, kí n gbé ọ̀kan lọ sí Ìbàdàn, kí méjèèjì má baà wà lábẹ́ òrùlé kan náà.