Wíwò Kò Gbowó

Káàdì àjọ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Páálí tín-ín-rín ni, wọ́n sì fi ìlà pín in sí ojú 31, ojú kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú oṣù. Ní àdúgbò àwọn ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn, níbi tí òwú òfì ti ń nà gbọọrọ sílẹ̀ tí òkúta sì ń fà á kó má baà dẹ̀, ẹ ó rí i níbi tí wọ́n fi há igi òfì, tàbí tó yọrí nínú àpò ṣòkòtò. Eruku ọyẹ́ ti sọ funfun rẹ̀ di pupa, etí rẹ̀ sì ti ká. Alájọ dé, ó gba owó, ó sàmì sí ojú ọjọ́ náà, ó tún kọ ọ́ sínú ìwé ńlá tirẹ̀. Bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan di tirẹ̀, ó kó ìyókù fún olówó.

Inú ìwé ńlá yẹn ni ìṣirò owó ti ń yí padà. Wíwò nìkan ni ti káàdì. Ahunṣọ lè yọ ọ́ wò nígbà ogún lóòjọ́. Kò dí alájọ lọ́wọ́, kò sì ná an ní kọ́bọ̀. Lójú tèmi, òun ni àjọ fi ń tọ́jọ́.

Irú káàdì yìí náà ni wọ́n ń ṣe mọ́ smart contract, àdéhùn orí kọ̀ǹpútà tó ń dá owó san fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀kan lórí Ethereum, ìsokọ́ra ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2015. Solidity ni èdè tí wọ́n sábà fi ń kọ ọ́. Lókè ni orúkọ àdéhùn wà. Lábẹ́ rẹ̀, àkọsílẹ̀ iye tí olúkúlùkù ní. Nísàlẹ̀ pátápátá, àwọn function, ìyẹn àwọn iṣẹ́ tí a lè pè é sí. Àwọn kan ń yí nǹkan padà: gba owó wọlé, san án, dá a padà. Ẹni tó bá pe irú wọn yóò san owó tí wọ́n ń pè ní gas, yóò sì dúró de búlọ́ọ̀kù tó kàn, ìyẹn ìdìpọ̀ àkọsílẹ̀ tuntun, bí ìṣẹ́jú-àáyá 12. Àwọn yòókù ni wọ́n kọ view sí lára. Ìlà kan tàbí méjì ni wọ́n sábà jẹ́. Èló ni lágbájá ní? Ṣé wọ́n ti san owó iṣẹ́ yìí? Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí ìbéèrè náà bá kàn ló ń dáhùn, nítorí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí gas níbẹ̀. (Bí àdéhùn mìíràn bá béèrè nígbà tí òun náà ń ṣe iṣẹ́ owó lọ́wọ́, ìyẹn á san.) Bí ọwọ́ akọ̀wé bá ṣèèṣì, tó fi ìlà tó ń yí iye owó padà sínú view, ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ Solidity yóò kọ̀ ọ́.

Ibi tó ti ń há àwọn akọ́ṣẹ́ ni mapping, ibi tí àkọsílẹ̀ owó wà. Ẹ dárúkọ ẹnì kan fún un, yóò sọ iye rẹ̀. Ẹ ní kó ka orúkọ gbogbo wọn, kò lè kà á. Alájọ kàn máa ṣí ìwé ni! Nínú àdéhùn, àfi kí akọ̀wé to orúkọ lọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé bó bá ti gorí ẹ̀rọ, kò ṣe é tún kọ mọ́, àyàfi bí wọ́n bá ti ṣètò àtúnṣe sílẹ̀ ṣáájú.

Ohun kan wà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Káàdì ahunṣọ, òun àti alájọ ló mọ̀ ọ́n; ìyàwó ilé pàápàá lè má tíì rí i. Lórí Ethereum, gbogbo ayé ló lè wò. Kódà bí wọ́n bá kọ private sí ara iye kan, àdéhùn mìíràn nìkan ni kò ní lè kà á. Ènìyàn tó mọ ọ̀nà á kà á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ṣakí àti Ìsẹ́yìn tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, bí ẹ bá fẹ́ kọ àdéhùn fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ ti kọ àwọn view sí i kó tó gorí ẹ̀rọ, ẹ má sì fi orúkọ tàbí nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni sínú rẹ̀.